Bàbá Lurup àti Ọkùnrin Tó Fò Wá Láti Ẹ̀gbẹ́

Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ máa gbọ́ ọ lọ́la. Òní lẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, torí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, àyà mi ṣì ń já. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, bọ́ọ̀lù tí ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ojú ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ojú ẹnì kan nínú ilé yín ló kàn.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni Láoyè Ògúnṣọlá. Lurup ní Hamburg ló ń gbé, àwa ń gbé ní Marzahn ní Berlin níbí, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Bàbá Lurup. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí kì í ṣí fìlà onírun lórí, ìbáà jẹ́ òtútù, ìbáà jẹ́ oòrùn, tó ń wa Gabelstapler nínú ilé ìkẹ́rùsí kan, ọkọ̀ kékeré yẹn tó ń fi irin méjì gbé ẹrù gun orí àjà. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè nípa bọ́ọ̀lù àwọn ará Australia! Háà! Ẹ ò ní sùn sílé lọ́jọ́ náà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ń dáná nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Greece kan. Ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí Melbourne, ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa gbafẹ́ lọ lọ́jọ́ Sátidé.

“Mo tẹ̀lé ariwo ni, Àbẹ̀kẹ́,” bó ṣe máa ń sọ fún mi nìyẹn. Oríkì mi ló fi ń pè mí, òun nìkan ló sì ń pè é. Ìníolúwa ni gbogbo ayé mọ̀. “Mo gbọ́ tí ìlú ń hó. Mo rò pé ìjà ni. Mo rìn láti èbúté títí mo fi dé etí ọ̀sà kan, mo rí pápá kan tó rí bí ẹyin, èèyàn yí i ká bí eṣú. Mo wo ìpẹ̀kun pápá, kí ni mo rí? Wòlíì!”

“Wòlíì, Bàbá?”

“Wòlíì! Ó wọ aṣọ funfun gbọọrọ, ó dúró láàárín òpó méjì, àsíá funfun wà lọ́wọ́ ẹ̀ méjèèjì. Mo ní, ṣé àwọn Aládùúrà ti dé ibí ni?”

Kì í ṣe wòlíì. Adájọ́ góòlù ni. Ẹ jẹ́ kí n yára là á yé yín, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mi ò mọ ìgbà tí mo máa dákẹ́. Inú íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti kọ́ gbogbo òfin eré náà fúnra mi. Bọ́ọ̀lù náà rí bí ìbẹ́pẹ. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá a, wọ́n ń fi ọwọ́ gbé e sáré, wọ́n sì ń gun èjìká ara wọn láti já a gbà lójú òfuurufú bí ẹni já ọsàn. Òpó mẹ́rin ló wà ní ìpẹ̀kun pápá kọ̀ọ̀kan, méjì gíga láàárín, méjì kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ́ọ̀lù tó bá gba àárín àwọn gíga kọjá, àmì mẹ́fà. Èyí tó bá gba àárín gíga àti kúkúrú, àmì kan ṣoṣo. Adájọ́ góòlù ló máa sọ èyí tó jẹ́: àsíá méjì fún mẹ́fà, àsíá kan fún ọ̀kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹgbẹ́ tí Bàbá bá lórí pápá lọ́jọ́ náà, aṣọ funfun tó ní pupa ni wọ́n wọ̀. “Aláṣọ funfun!” ló wí. “Ọmọ Aládùúrà ni mí, kí ni mo tún ń wá?” Bó ṣe di tiwọn nìyẹn. Ẹgbẹ́ kejì nà wọ́n bí ẹni na bàrà lọ́jọ́ náà, kò sì kúrò lẹ́yìn wọn. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà kó kúrò ní Melbourne lọ sí Sydney, Bàbá náà ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ti fìdí kalẹ̀ sí Hamburg. “Èmi àti wọn, gbogbo wa la ti ṣí kúrò nílé,” ni yóò wí, yóò sì rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí ẹgbẹ́ náà ti gba ife kẹ́yìn, kí wọ́n tó bí Bàbá gan-an. Ó ń retí ife tí kò rí rí.

Ní ọdún 2005, wọ́n dé ìdíje àṣekágbá! Sydney pẹ̀lú West Coast. Mo pariwo títí aládùúgbò fi kan ògiri. Mo ti rí ilé ọtí àwọn ará Australia kan láàárín Berlin tó fẹ́ fi eré náà hàn, ní àárọ̀ kùtù, torí pé ọ̀sán tiwọn ni àárọ̀ tiwa. Bàbá wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Hamburg lọ́jọ́ Ẹtì, ó sùn sílé wa. Ní ìdájí, èmi àti òun wọ S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, láti Marzahn. Ó wọ aṣọ funfun. Ó dì mí lápá mú láti ilé títí dé ibùdókọ̀, mo rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà wà níbẹ̀, lóòótọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, eré náà! Ó le bí ojú ẹja. Ìdá kẹta eré lọ, ìdá kẹrin tó kẹ́yìn dé, Sydney wà níwájú pẹ̀lú àmì mẹ́rin péré, ìṣẹ́jú ti ń tán. Àwọn West Coast gbá bọ́ọ̀lù kan sókè fíofío sí iwájú góòlù. Bó bá bọ́ sí ọwọ́ wọn, ó parí. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn wà lábẹ́ bọ́ọ̀lù náà, wọ́n gbójú sókè. Èmi sì rí ọkùnrin Sydney kan tó ń sáré bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

“Ó ń bọ̀!” mo kígbe. “Bàbá, ó ń bọ̀!”

“Ta ló ń bọ̀?”

Ọkùnrin náà fò. Ó fò kọjá orí gbogbo wọn, ó nà gbalaja lójú òfuurufú, ó gbá bọ́ọ̀lù mú mọ́ àyà, ó ṣubú lulẹ̀, kò já a sílẹ̀. Fèrè ìparí dún. Ilé ọtí fọ́ yángá! Àwọn òyìnbó ń gbé ara wọn sókè. Bàbá dìde, ó la ẹnu sílẹ̀, ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n.

“Ibo lèyí ti já bọ́?” ló wí. “Àbẹ̀kẹ́, ibo lèyí ti já bọ́? Ojú ọ̀run ni!”

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín sí i. Mo rò pé ewì ló ń ké. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń sọ ìtàn eré yẹn, ohun tó máa ń wí ni pé ọkùnrin náà ò sáré láti ibì kankan, ọ̀run ló ti já lulẹ̀ bí òjò. Tí mo bá ní, “Bàbá, ẹ̀gbẹ́ ló gbà wá,” yóò ní, “Ìwọ ò mọ nǹkan kan. Mo ń wò ó. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀.”

Nígbà tí a ń jáde, ó fi ìgúnpá gbá ife kan tó wà létí tábìlì lápá òsì rẹ̀, ife náà fọ́. Ó bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi èjìká kọlu férémù ilẹ̀kùn. Ayọ̀ ló ń ṣe é, mo sọ fún ara mi. Ta ni kì í kọsẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀?

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀lé e.

Ìkórè ìjọ wa dé ní Oṣù Kẹwàá. Àjà kejì ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ní Lichtenberg la ti ń jọ́sìn, láàárín àwọn ilé iṣẹ́. Bàbá tún wá láti Hamburg. Ọwọ́ rẹ̀ ni bàtà rẹ̀ wà bó ṣe ń gba àárín ìjókòó kọjá, gbogbo wa ń kọrin, dùùrù ń ké. Ìbíwùmí, obìnrin ìjọ wa kan tó jẹ́ pé Bàbá ló gbà á sílé nígbà tó kọ́kọ́ dé Hamburg, rí i, inú rẹ̀ dùn, ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ìkúnlẹ̀ gidi, orúnkún méjèèjì lórí kápẹ́ẹ̀tì. “Ẹ káàbọ̀ sà!”

Bàbá kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára àga.

Ìbíwùmí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rí i. Mo rí i. Ẹ mọ bó ṣe ń rí nígbà tí èèyàn bá kúnlẹ̀ kí àgbà tí àgbà ò sì wo ibi tó wà. Ilẹ̀ kì í lanu gbé èèyàn mì, ìyẹn ló burú níbẹ̀.

“Ṣé ògiri ni mo kúnlẹ̀ fún ni?” ó bi màmá mi nígbà tí ìsìn parí. Omijé ti dé ojú rẹ̀. “Kí ni mo fi ṣẹ Bàbá? Kí wọ́n wí fún mi, kí n bẹ̀bẹ̀.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ mìíràn ọmọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀, Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ìwé ìlú Jẹ́mánì tó gbà ló ń gùn ún. Àwọn kan tún rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní àgbà tí kì í dáhùn ìkíni, ẹ bi í léèrè ohun tó gbé sọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń rìn láti Lichtenberg dé Hamburg, ó ń sanra bó ṣe ń lọ.

Màmá mi, Fẹ̀hìntọlá, pè é lórí fóònù. Mo wà níbẹ̀.

“Bọ̀dá mi, kí ni Ìbíwùmí ṣe fún yín?”

“Ìbíwùmí wo? Ṣé ó wá sí ìkórè ni? Mi ò rí i.”

“Háà! Bọ̀dá mi! Obìnrin tó kúnlẹ̀ síwájú yín?”

“Fẹ̀hìntọlá, mo ní mi ò rí i. Bí ẹ̀yin ará Berlin bá ti rẹ́ni tí ẹ máa bá jà, ẹ fi èmi sílẹ̀ jẹ́jẹ́.” Ó pa fóònù.

Màmá mi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. “Ó purọ́ fún mi,” ló wí. “Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í purọ́.”

“Vielleicht hat er sie echt nicht gesehen,” ni mo wí, pé bóyá kò rí i lóòótọ́.

“Yorùbá ni kó o fi dá mi lóhùn! Obìnrin tó tóbi bí Ìbíwùmí? Ta ni kò ní rí i?”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà wà níwájú wa nílẹ̀, a gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀.

Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, Bàbá ò wá. Ìgbà tó wá ní Àjíǹde, mo rí àwọn nǹkan kan tí mi ò ní orúkọ fún. Ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri bó bá ń lọ sí ilé ìdáná. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo orí ló ń yí, bíi ti òwìwí, kì í ṣe ẹyinjú nìkan. Màmá mi gbé iyọ̀ sí apá òsì àwo rẹ̀; ó ń wá iyọ̀. Ó ní níbi iṣẹ́, wọ́n ti sún àwọn àjà ẹrù mọ́ra láìsọ fún òun, òun sì ti fi Gabelstapler gbá ọ̀kan. Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ àwàdà. Ẹ̀rín ò dé ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fi eré 2005 sí i, mo ti dà á sórí díìsì fún un, a tún wò ó. Ojú rẹ̀ lé bọ́ọ̀lù náà bí ojú àṣá. Kò sí ìgbà kan tó pàdánù rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe máa rò pé nǹkan ń ṣe irú ojú bẹ́ẹ̀?

Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní Jẹ́mánì níbí? Lóòótọ́ ni! Àwọn ọmọ Australia tó ń ṣiṣẹ́ níbí, àwọn òyìnbó Jẹ́mánì díẹ̀, àti Babalọlá, ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ Berlin, akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tí ẹnu rẹ̀ sì yá jù ú lọ. Bàbá ni adájọ́ góòlù ní Hamburg láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún un. Ó ra kóòtù funfun, ó gé sùtánà rẹ̀ àtijọ́, ó rán an sí àsíá méjì. Nígbà tó bá dúró láàárín àwọn òpó, tí wọ́n fi páìpù oníke ṣe, ó ń tàn. Mo rò pé ibẹ̀ nìkan ni inú rẹ̀ ti máa ń dùn dé ìsàlẹ̀.

Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2006, mo tẹ̀lé ẹgbẹ́ Berlin lọ sí Hamburg. Òjò ṣú láti àárọ̀, kò rọ̀, ó kàn ń wò wá. Ní ìgbẹ̀yìn eré, Berlin wà níwájú pẹ̀lú àmì mẹ́ta. Ọkùnrin Hamburg kan, onírùngbọ̀n pupa, gbá bọ́ọ̀lù láti igun. Èmi wà lẹ́yìn òpó, mo rí i kedere: bọ́ọ̀lù náà gba ìta òpó gíga kọjá, ààyè apá èèyàn kan gbáko ló fi jìn sí i. Àmì kan ni. Berlin ló borí. Mo ti ń fò sókè.

Mo wo Bàbá. Orí rẹ̀ ń yí, ó ń wá bọ́ọ̀lù náà. Ó ti sọ ọ́ nù. Ó wá na ìka méjì, ó sì ju àsíá méjèèjì.

Ariwo sọ! Babalọlá ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Bàbá! Bàbá, ẹ ṣègbè! Ṣé Hamburg ti ra ìrẹsì fún yín ni?”

“Ojú mi rí i,” ni Bàbá wí. “Àárín ló gbà.”

“Ojú yín? Ojú yín wà ní Lurup! Ẹ fi sílé lórí tábìlì!”

“Má bú mi, ọmọ yìí. Ogójì ọdún ni mo ti ń wo bọ́ọ̀lù yìí, mo ti ń wò ó kí wọ́n tó bí...”

Nígbà náà ni onírùngbọ̀n pupa náà, ẹni tó gbá a fúnra rẹ̀, rọra wá. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Bàbá. “Ẹgbẹ́ wa ni mò ń gbá fún,” ó wí lédè Jẹ́mánì, “ṣùgbọ́n kò wọlé. Ìta ni.” Kò bínú. Ìyẹn ló pa Bàbá. Ká ní ó bínú ni, Bàbá ì bá rí nǹkan jà sí. Wọ́n tún àmì náà ṣe, Berlin gba eré, Bàbá ká àsíá rẹ̀ mọ́ra díẹ̀díẹ̀, ó fi sínú àpò ọ̀rá, kò sì wo ẹnikẹ́ni lójú.

Mo ní màá sùn sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Lurup, ó ń ṣíwájú mi, ojú ń kán an. Ẹ mọ ọ̀nà pupa tí wọ́n là sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún kẹ̀kẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ sórí rẹ̀. Obìnrin kan ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ láti apá òsì, ó ń tẹ agogo, kẹ̀kẹ́ náà tóbi, ó hàn gbangba lójú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, Bàbá ò dúró. Mo fà á ní kóòtù. Atẹ́gùn kẹ̀kẹ́ náà gbá mi lójú. Obìnrin náà bú wa títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀.

“Àwọn ará ìlú yìí,” ni Bàbá wí, “wọ́n kàn ń já bọ́ láti ojú ọ̀run ni.”

Mo gbọ́ ọ, ó sì dà bí ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ rí. Mi ò tíì mọ ìdí.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló yé mi. Mo jí, mo gbọ́ ìró tẹlifíṣọ̀n láti pálọ̀. Bàbá ti fi eré 2005 sí i, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan án. Ó ti dé ìparí, ibi tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ kí i bí màmá mi ṣe kọ́ mi, ní ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀ lápá òsì, mo panu mọ́, mo ń retí kó wò mí kí n tó sọ pé ẹ káàárọ̀.

Kò wò mí.

Mo dúró lórí ìkúnlẹ̀. Mo rí Ìbíwùmí lójú ọkàn mi, lórí kápẹ́ẹ̀tì ní Lichtenberg. Mo gbé ọwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Kò mira. Mo jù ú. Kò mira. Mo wá ń sún ọwọ́ náà síwájú, díẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ díẹ̀, ó kọjá etí, ó kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo ń gbàdúrà nínú, Olúwa, jẹ́ kó rí i, jẹ́ kó rí i báyìí. Ìgbà tí ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú imú rẹ̀ ló tó ta gìrì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga.

“Ibo lo ti já bọ́?”

Lórí tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin Sydney náà ń fò.

Mo bú sẹ́kún. Mo ní, “Bàbá, mo ti wà níbí látọjọ́. Mo kúnlẹ̀ síbí. Ẹ ò rí mi.”

“Mò ń wo bọ́ọ̀lù ni.”

“Bọ́ọ̀lù nìkan lẹ ń rí, Bàbá. Ọkùnrin yẹn ò já bọ́ láti ọ̀run. Ẹ̀gbẹ́ ló gbà wá. Ẹ̀gbẹ́ náà ni Ìbíwùmí kúnlẹ̀ sí. Ẹ̀gbẹ́ náà ni kẹ̀kẹ́ àná gbà.”

Ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ó wá sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, lóhùn kékeré tí mi ò gbọ́ rí. “Ìyá wa fọ́jú kó tó kú. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ń kọlu àga, wọ́n ní ayé ló ń ta á. Mo ti mọ̀, Àbẹ̀kẹ́. Láti bí ọdún méjì ni mo ti fura. Bí mo bá lọ wí fún dókítà, wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi níbi iṣẹ́. Wọ́n á gba àsíá lọ́wọ́ mi. Mo ní kí n ṣì rí ife kan sí i.”

“Ẹ ṣì fẹ́ máa wa ọkọ̀ yẹn láàárín èèyàn?”

Ó na fóònù sí mi, ó ní, “Pe màmá rẹ.”

Augenarzt tí a lọ rí, dókítà ojú, jẹ́ obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́. Ó ní kí Bàbá gbé àgbọ̀n lé orí ẹ̀rọ kan, kó tẹjú mọ́ àmì kan láàárín, kó máa tẹ bọ́tìnnì bí iná kékeré bá ti tàn ní ibikíbi. Inú yàrá náà ṣókùnkùn. Èmi àti màmá mi jókòó lẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà ń ró, tìk, ó ń tan iná. A ń retí ìró bọ́tìnnì. Tìk. A ń retí. Tìk. Màmá mi di ọwọ́ mi mú títí ó fi dùn mí. Tìk. Tìk. Bàbá jókòó jẹ́ẹ́, ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, ó ń dúró de iná tó ti ń tàn látọjọ́.

Dókítà ní omi inú ojú ló ń le jù, ó ń tẹ iṣan tó wà lẹ́yìn ojú pa, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, kò sì ní í dùn èèyàn rárá. Ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ti ọ̀tún ṣẹ́ku ihò kan láàárín, bí ẹni ń wo ayé láti inú páìpù. Èyí tó lọ ti lọ. Òògùn tí wọ́n ń kán sójú lè di ìyókù mú, bí kò bá gbàgbé. Ó ní ká ní ó tètè wá ni. Ó tún ní àrùn náà máa ń rìn nínú ẹbí, pàápàá láàárín àwa èèyàn dúdú. Ó wo màmá mi. Ó wo èmi.

Ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án, Sydney àti West Coast tún pàdé nínú àṣekágbá! A tún lọ sí ilé ọtí yẹn ní àárọ̀ kùtù. Bàbá jókòó sáàárín, èmi jókòó sápá òsì, Ìbíwùmí jókòó sápá ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìbíwùmí! Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sunkún, ó wá, ó rìn dé iwájú Bàbá gan-an, ojú sí ojú, kó tó kúnlẹ̀. “Bàbá, iwájú ni mo wà o,” ló wí. “Mo tóbi tó lónìí?” Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

Bàbá ń wo bọ́ọ̀lù, èmi àti Ìbíwùmí ń jẹ́ ẹ̀gbẹ́ fún un. “Ẹnì kan ń bọ̀ láti òsì!” “Ẹni tiwa ni, ó dá wà lápá ọ̀tún!” Ìbíwùmí ò mọ òfin kankan, gbogbo ẹni tó bá sáré ló ń pariwo sí. Sydney fi àmì kan ṣoṣo pàdánù ife náà. Àmì kan! Àsíá kan! Mo fi orí lé tábìlì. Bàbá fi ọwọ́ wá orí mi títí ó fi rí i, ó fọwọ́ lé e. “Mo rí i,” ló wí. “Èyí tí mo rí, mo rí i.”

Wọn ò jẹ́ kó wa ọkọ̀ mọ́. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ mìíràn nínú ilé ìkẹ́rùsí náà. Ó kó àsíá méjèèjì fún Babalọlá, ẹni tó wá dọ̀bálẹ̀ fún un, síwájú rẹ̀.

Èmi ti lọ ṣe àyẹ̀wò. Dókítà ní kí n máa padà wá lọ́dọọdún. Màmá mi ní ojú òun dáa, òun ò ní nǹkan ṣe lọ́dọ̀ dókítà kankan, ṣé òun ò rí iṣu tí òun ń bó ni? Lánàá, ó ń bó iṣu nínú ilé ìdáná. Mo bọ́ bàtà, mo rọra wọlé láti ẹ̀gbẹ́, mo kúnlẹ̀, mo panu mọ́. Ọ̀bẹ ń lọ, èèpo ń bọ́. Mo ń wo ojú rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yí padà. Ó pẹ́ ju bí mo ṣe fẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mò ń mú un lọ, bó fẹ́, bó kọ̀.

Nítorí náà, ẹ gbé ìwé yìí sílẹ̀. Bàbá yín wà ní pálọ̀ ni àbí ìyá yín, ẹ̀gbọ́n yín tí ẹ ní ó ti ń gbéraga, tí kì í dáhùn ìkíni mọ́? Ẹ má pe orúkọ rẹ̀. Ẹ rọra lọ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ sì lọ wò ó fúnra yín bóyá ó máa wò yín.